Ọwọ́ Tó Ń Fa Háńdíbíréèkì

Ó ti sú mi láti máa ṣàlàyé fún àwọn ọmọ mi. Bí mo bá gbé ọkọ̀ wọlé, mo máa ń tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, mo máa ń fa háńdíbíréèkì sókè, mo máa ń dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀ kí ọkọ̀ lè gbára lé e, lẹ́yìn náà ni mo máa ń ti jíà sí P, ibi ìdúró rẹ̀. Àbíkẹ́yìn mi á bú sẹ́rìn-ín. "Màámi, ọ́tò ni ọkọ̀ yìí o! P ti tó." Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà, àkísà tèmi sì pọ̀. Ẹnu bàbá mi ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ "P ti tó" yẹn, lọ́dún kan tí a ń gbé ní Sùúrùlérè, ọdún tí ó rẹ gbogbo ilé wa tẹnutẹnu tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọ pé ó rẹ òun. Mo ti dàgbà ju bàbá mi ìgbà náà lọ báyìí. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, mo máa ń jókòó sínú ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí n tó sọ̀kalẹ̀, màá sì máa rò ó pé ta ló rẹ̀ jù nínú àwọn méjèèjì nígbà náà, òun ni àbí màámi.

Ilé Alájì la gbé, Alájì ará Ìjẹ̀bú tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Lánlọ́ọ̀dù. Òjò ti jẹ́ kí ojú ọkùnrin náà rí màbo ní àdúgbò yẹn. Omi ti wọ yàrá rẹ̀ rí débi pé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ léfòó, nítorí náà ó ra iyanrìn, ó ra yẹ̀pẹ̀ pupa, ó ń dà á sí àgbàlá títí ilé fi ga ju títì lọ. Láti ìgbà náà, omi kò wọlé mọ́, ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá lè yí ló ń yí lọ sí ẹnu géètì. Bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé, inú gọ́tà la ó ti bá a. Nísàlẹ̀ níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ni ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo tí gbogbo ilé ń lò wà, lára òpó sìmẹ́ńtì kúkúrú kan. Ariwo ibẹ̀ ló ń jí wa láàárọ̀: bọ́kẹ́ẹ̀tì ń lu bọ́kẹ́ẹ̀tì, Àǹtí Sàkírà ọmọ Alájì ń pariwo pé kí ẹnikẹ́ni má gba iwájú òun, omi ń tutọ́ tutọ́ kó tó wá dà. Lókè, lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, máṣíìnì màámi á ti máa dún, nítorí aránṣọ ni, iwájú ilé náà sì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Màmá Iléṣà, ìyá tó bí bàbá mi, á jókòó sórí àpótí, á máa bó ẹ̀gúsí, á sì máa bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ àbúrò rẹ̀ wí. Iṣẹ́ tèmi ni àwo fífọ̀, ilẹ̀ gbígbá, àti òkúta. Òkúta náà wúwo. Bí bàbá mi bá ti gbé ọkọ̀ rẹ̀ àtijọ́ wọlé, ọkọ̀ tó ní kílọ́ọ̀ṣì, èmi ni màá gbé e sẹ́yìn táyà. Màmá Iléṣà ló dá àṣà náà sílẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti wa lọ́rì rí, lójú tirẹ̀ sì ni pé ọkọ̀ tí kò ní òkúta lẹ́yìn kò tíì dúró. "Ohun tó bá lè rìn," ni ó máa ń wí, "ó lè sá."

Kí ọdún yẹn tó bẹ̀rẹ̀, àìsàn kan dá bàbá mi gúnlẹ̀, irú èyí tí àwọn àgbà kì í dárúkọ níwájú ọmọdé. Ó jí láàárọ̀, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, wọ́n gbàdúrà, ó pẹ́, ó dìde. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ padà, òun náà sì padà sí ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń ṣe tíṣà ní Yábàá, níbi tí èmi náà ti ń kàwé. Gbogbo ará ilé dúpẹ́. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé ọwọ́ ọ̀tún kò bá àwọn yòókù padà tán. Èmi náà kò mọ̀. Mo kàn rí i pé bàbá mi, tó máa ń fi àwọn tó ń fi ṣíbí jẹ èbà ṣe yẹ̀yẹ́, ti ń fi ṣíbí jẹ èbà. Mo rí i pé bí àlejò bá ń bọ̀, á yára há ìwé sí abíyá ọ̀tún, kí wọ́n má baà na ọwọ́ sí i. Ní kíláàsì, òun tí ìkọ̀wé rẹ̀ lójú bọ́ọ̀dù máa ń wu ènìyàn wò, ọmọ kíláàsì ló ń pè kó wá bá òun kọ ọ́. Ó ní òun fẹ́ kí wọ́n mọ̀wé kọ ni. Bàbá mi lè sọ àìlera ara rẹ̀ di ẹ̀kọ́ fún ẹlòmíràn, kí ó sì tún bá ẹni náà wí pé kò kọ́ ọ dáadáa. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ó sì ń bí mi nínú títí di òní.

Àsìkò yẹn ni ọkọ̀ ọ́tò, èyí tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì, dé. Jíà ọkọ̀ àtijọ́ ń dá ọwọ́ bàbá mi lóró, ṣùgbọ́n ohun tó sọ fún wa ni pé gbogbo ayé ti ń fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ìbátan rẹ̀ kan, Bọ̀dá Fẹ́mi, ń lọ sí òkè òkun, ó sì fi ọkọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Àwọn ará ilé ní bàbá mi ti dolówó. Bọ̀dá Fẹ́mi fúnra rẹ̀ ló gbé e wá, ó gbé e gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iwájú ilé wa, ó sì ní kí bàbá mi jókòó kí òun fi bí wọ́n ṣe ń páàkì rẹ̀ hàn án. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ o. Ẹ tẹ bíréèkì. Ẹ fa háńdíbíréèkì yìí sókè. Ẹ dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀, kí ọkọ̀ gbára lé e. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó ti jíà sí P. Eyín irin kékeré kan báyìí ló ń di ọkọ̀ mú nínú P yẹn. Tí ẹ bá ń gbé gbogbo ọkọ̀ kọ́ ọ lọ́rùn lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yìí lójoojúmọ́, á kán lọ́jọ́ kan." Bàbá mi na ọwọ́ ọ̀tún, ó fà á. Irin náà gbéra díẹ̀, ó tún padà sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. "Fẹ́mi, o ti bẹ̀rù jù. Ọ́tò ni ọkọ̀. P ti tó." Ó wá yíjú sí mi: "Bọ́lá, o ti bọ́ lọ́wọ́ òkúta. Irú ọkọ̀ yìí kì í sinmi lé òkúta." Inú mi dùn, mo fò sókè. Màmá Iléṣà pòṣé. Màámi ní tirẹ̀, ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ló ń wò.

Láti ọjọ́ kejì ni màámi ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa jáde. Láàárọ̀, á wọ iwájú ọkọ̀, á jókòó títí dé ìkòríta, á sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, á sì fẹsẹ̀ rìn padà wá ṣí ṣọ́ọ̀bù. Lọ́sàn-án, á ti ṣọ́ọ̀bù pa, á wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Yábàá, á dúró sí ẹnu géètì ilé ẹ̀kọ́ wa nínú oòrùn, kí ó lè bá wa wọ ọkọ̀ padà sílé. Lójú tèmi, ó dà bí ìfẹ́ tó ti ń di àìsàn. Bí ọkọ̀ bá ti gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó sì dúró, á tẹ̀ba bí ẹni fẹ́ mú báàgì rẹ̀ nílẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ á gba àárín àwọn méjèèjì kọjá, èmi tó wà lẹ́yìn á gbọ́ kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Bàbá mi á ti jíà sí P. Kò sí ẹni tó máa sọ nǹkan kan nínú wọn. Àwọn ará ilé ní tiwọn kò dákẹ́. Àǹtí Sàkírà ò lè rí i kó má sọ̀rọ̀: "Ìyá Bọ́lá, ẹ fi ọkọ yín sílẹ̀ kó mí díẹ̀ jàre. Ta ló fẹ́ gbà á lọ́wọ́ yín?" Màámi á rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ n máa ṣọ́ ohun tí mo ní." Oníbàárà wá, wọ́n bá ilẹ̀kùn ní títì, wọ́n kó aṣọ wọn lọ sọ́dọ̀ aránṣọ mìíràn. Ìrọ̀lẹ́ ni màámi tó ń rí iṣẹ́ ṣe. Mo bá a níbi tó ti sùn lọ lórí máṣíìnì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí pẹ́dáàlì, tí abẹ́rẹ́ dúró láàárín apá aṣọ ẹni ẹlẹ́ni. Bí mo bá jí i, á ní òun kò sùn. Bí mo bá béèrè, á ní kò rẹ òun. Màmá Iléṣà wò ó lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ẹni tó gbé ẹrù, tí kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀, kò lè rí ẹni sọ̀ ọ́ fún un." Màámi dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, mà, ó sì ń rán aṣọ lọ.

Àbúrò màámi wá bímọ ní Ìjẹ̀bú-Òde, màámi sì gbọ́dọ̀ lọ tọ́jú rẹ̀ títí di ìsọmọlórúkọ. Ọjọ́ tó ku ọ̀la kó lọ, ó bá mi ní ilé ìdáná níbi tí mo ti ń bẹ iṣu, ó ti ilẹ̀kùn. "Bọ́lá, iwájú ni o ó máa jókòó báyìí. Bí bàbá rẹ bá ti dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kó tó kúrò lórí bíréèkì, kí o fa irin àárín yẹn sókè. Fi ọwọ́ méjèèjì fà á. Láàárọ̀, kí o tẹ orí rẹ̀, kí o rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Má sọ nǹkan kan." Mo ní, "Kí ló dé, mà?" Ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi, ó ń bẹ iṣu náà lọ fúnra rẹ̀. "Ọwọ́ rẹ̀ ni. Kò ká a." Mo béèrè bóyá ó lè fi ọwọ́ òsì fà á. Ó ní, "Ó lè fi í fà á. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ yí gbogbo ara bí ẹni tó ń wá owó lábẹ́ ìjókòó, gbogbo ilé yìí á sì rí i. Kò ní gbà. Mo ti bẹ̀ ẹ́." Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tó ń gbé e lọ sí Yábàá nínú oòrùn. Ó ṣe mí bí ẹni pé kí n sunkún, ṣùgbọ́n omi iṣu ti ń hó lórí iná, mo sì lọ wò ó.

Mo fà á fún un lójoojúmọ́, ọwọ́ mi méjèèjì pọ̀ lórí irin náà, bàbá mi ń wo iwájú bí ẹni pé ọkọ̀ ló ń dún fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó dúró, mo fà á, kò sì ti jíà. "Ta ló ní kí o máa ṣe ìyẹn?" Mo ń wo bàtà mi. "Màmá rẹ ni?" Mo ń wo bàtà mi síbẹ̀. Ó ní, "Ó dáa," ó ti jíà, ó pa ẹ́ńjìnnì. Ní Sátidé, ó fẹ́ lọ gẹrun, mo sá tẹ̀lé e, ó ní, "Jókòó sílé. Ṣé mo ti di ọmọ ọwọ́ ni?" Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni, kò tíì sí ẹnikẹ́ni níta. Mo wò ó láti ojú fèrèsé. Ó yí ara, ó fi ọwọ́ òsì bá háńdíbíréèkì náà jà títí irin náà fi wálẹ̀, ó fi áńkáṣíìfù nu ojú, ó sì lọ.

Nígbà tó máa padà, gbogbo ilé ti wà níta. Omi ti lọ láti àárọ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, gbogbo bọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ló wà níbi ẹ̀rọ. Kúnlé àbúrò mi, tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́, jókòó lórí bọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó dojú dé. Àǹtí Sàkírà ń fọ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá mi gun òkè wá, ó ń kí gbogbo wọn láti ojú fèrèsé ọkọ̀, wọ́n ń yìn ín pé orí rẹ̀ dán. Báwo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe fẹ́ wá yí ara bí ẹni ń wá owó lábẹ́ ìjókòó? Ó ti jíà sí P, ó sọ̀kalẹ̀. Màmá Iléṣà ní, "Bọ́lá, òkúta." Mo gbé e wá. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, bàbá mi ti fi ẹsẹ̀ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Màmá, ẹ jẹ́ ká sinmi. P ti tó." Ó ní kí n bu omi wá fún òun mu. Kì í ṣe ẹ̀bi mi, n kò sì jókòó síbí láti tọrọ àforíjì. Omi ni mo lọ bù.

Mo gbé ife dání nígbà tí mo gbọ́ ọ: kọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, bí ìgbà tí ènìyàn pa ẹ̀kùrọ́. Eyín irin inú P ti kán. Ọkọ̀ ń padà sẹ́yìn. Kò sáré, ó rọra ń lọ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Màmá Iléṣà kígbe orúkọ Kúnlé. Bàbá mi fò sọ̀kalẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bá ọkọ̀ náà lọ́nà, ó na ọwọ́ sí ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ló nà, nítorí ọwọ́ tí ènìyàn ń kọ́kọ́ nà nìyẹn. Mo rí àwọn ìka náà lára ilẹ̀kùn. Wọn kò di nǹkan kan mú. Ọkọ̀ kàn fa ara rẹ̀ kúrò lábẹ́ wọn, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Àǹtí Sàkírà ló gbá Kúnlé mú lẹ́yìn aṣọ, tó jù ú sínú aṣọ tútù tó ń fọ̀. Lẹ́yìn náà ni bọ́kẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, gbà, gbà, gbà, ìdí ọkọ̀ gbá òpó sìmẹ́ńtì, òpó wó, omi tú sókè. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ dúró sí. Ariwo omi nìkan ló kù, àti ẹkún Kúnlé. Bàbá mi dúró láàárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó gbé ọwọ́ náà sókè díẹ̀, ó ń wò ó. Gbogbo ilé náà ń wò ó. Alájì jáde pẹ̀lú kẹ́tùlù àlùwàlá rẹ̀, ó wo omi, ó wo ọkọ̀, ó sì gbé kẹ́tùlù náà sílẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni màámi dé, ó gbé gààrí Ìjẹ̀bú lórí, eruku ọ̀nà bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Alájì ló kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀. "Ìyá Bọ́lá, ẹ káàbọ̀. Ọkọ̀ yín wó ẹ̀rọ omi wa. Ọlọ́run ló yọ Kúnlé. Ọkọ yín ò sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wa." Màámi sọ ẹrù kalẹ̀, ó fa Kúnlé mọ́ra, ó fọwọ́ tọ gbogbo ara rẹ̀ wò, láti orí dé ẹsẹ̀. Ó wá kúnlẹ̀ níwájú Alájì. "Ẹ má bínú, sà. Èmi ni mo jẹ̀bi. Mo ti ba háńdíbíréèkì ọkọ̀ náà jẹ́ kí n tó lọ, n kò sì sọ fún un." Bàbá mi wà ní pálọ̀, fèrèsé ṣí sílẹ̀. Mo wò ó. Mo fẹ́ kó jáde. Kò jáde. Màmá Iléṣà nìkan ló dìde, ó gbé gààrí náà wọlé, ó ní, "Aya mi, o tún ti gbé èyí náà mọ́ ọn."

Àsìkò tó tẹ̀lé e ni mo rántí jù nínú ọdún yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n wọ́ ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Muṣin. Títí wọ́n fi tún òpó mọ, òpópónà kejì la ti ń pọn omi, màámi ló sì ń pọn jù, nítorí òun ló ní òun jẹ̀bi. Àwọn obìnrin ilé kò kí i dáadáa. Bàbá mi ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Yábàá, á dé, á fi ṣíbí jẹun, á wo màámi bó ṣe ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì gun òkè bọ̀, á sì wo inú abọ́ rẹ̀ padà. Oúnjẹ kì í tán níwájú rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ máa dé, àwa mẹ́ta la lọ gbé e ní Muṣin. Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí a wọ géètì. Òpó tuntun ti wà níbẹ̀, gbogbo ilé ló wà nídìí omi, wọ́n sì kó bọ́kẹ́ẹ̀tì wọn sá nígbà tí wọ́n rí wa. Bàbá mi gun òkè, ó dúró, ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Màámi tẹ̀ba láti mú báàgì. "Fi báàgì sílẹ̀," ni bàbá mi wí. Màámi gbé orí sókè. Bàbá mi yọ orí síta díẹ̀ láti ojú fèrèsé, ó sì fi ohùn tó fi ń kọ́ wa ní kíláàsì sọ̀rọ̀, kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ lè gbọ́: "Ìyá Bọ́lá, jọ̀wọ́, bá mi fa háńdíbíréèkì sókè. Ọwọ́ ọ̀tún mi ò ká a. Láti ìgbà àìsàn yẹn ni. Ìwọ kọ́ lo bà á jẹ́."

Gbogbo àwọn tó wà nídìí omi yíjú sókè. Màámi na ọwọ́ òsì, ó fà á. Kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Bàbá mi dẹ ẹsẹ̀, ọkọ̀ fà sẹ́yìn díẹ̀, ó gbára lé e, ó dúró. Ó ti jíà sí P, ó pa ẹ́ńjìnnì. Màámi gbé orí sẹ́yìn lórí ìjókòó. Mo rò pé ẹkún ló ń sun, mo na ọrùn láti ẹ̀yìn kí n lè rí ojú rẹ̀. Oorun ló ń sùn. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí irin náà. Bàbá mi kò ṣí ilẹ̀kùn. Àǹtí Sàkírà ń gun òkè bọ̀, ó ti la ẹnu láti sọ̀rọ̀, bàbá mi gbé ìka sí ètè, Àǹtí Sàkírà sì yí padà. Bàbá mi wá bojú wẹ̀yìn, ó wò mí, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Bọ́lá, rọra sọ̀kalẹ̀. Má gbá ilẹ̀kùn. Lọ gbé òkúta wá."